Bọ́ọ̀sì Tó Tú Àṣírí Alága

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fún mi láyè kí n ka orúkọ ọkùnrin yìí tán kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá gé e kúrú, ó lè wá bá mi jà nínú ìwé tí mo ń kọ. Olóyè Jethro Ọlọ́runṣẹ́gun ni, Alága Gbogbogbòò fún Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀, Ìrìnnà, Ìgbòkègbodò àti Ọ̀rọ̀ Táyà, nínú ìjọ Àládùúrà kan tó wà lẹ́yìn Ibo Road ní Sabon Gari, ìlú Kano. Ẹ ó bi mí pé ọkọ̀ mélòó ni ìjọ náà ní. Ẹyọ kan ni. Bọ́ọ̀sì funfun ẹlẹ́ni méjìdínlógún kan ni, tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣí àfi tí èèyàn bá kọ́kọ́ fún un ní ìkúùkù méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí Alága ṣe ń rìn, ẹ ó rò pé òun ló ń darí gbogbo ọkọ̀ ojú irin láti Kano dé Èkó.

Ọ̀dà ilé ló ń tà ní Ibo Road, bí bàbá rẹ̀ ti tà á níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni lè pè é ní Bọ̀dá Jethro, kó sì ná ọjà rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àmọ́ tó bá ti wọ sùtánà, ẹni tó bá kí i ní "Ẹ káàárọ̀ sà" lásán ti dáràn. "Ẹ káàárọ̀ ta ni?" ni Alága yóò bi í. Onítọ̀hún yóò padà sí ẹnu géètì, yóò tún wọlé wá, yóò sì ka oyè náà látorí Ìgbìmọ̀ títí dé orí Táyà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, tí Yorùbá ń ta kókó mọ́ lẹ́nu, ti wá ọgbọ́n sí i ní tiwọn. "Ranka ya daɗe!" ni wọ́n máa ń kí i, bí wọ́n ṣe ń kí ọba ilẹ̀ Hausa, wọ́n á sì sá lọ bá eré wọn. Orí Alága á wú, á sì gbàgbé pé wọn ò ka oyè kankan.

Ìbùkúnolúwa ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń gbé báàgì Alága, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí Alága bá ṣe sínú ìwé ńlá kan. Bí Alága bá sín, Ìbùkúnolúwa á kọ ọ́ pé: "Alága sín lẹ́ẹ̀mejì, tọlátọlá." Kì í ṣe ẹ̀tàn o. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ tọkàntọkàn ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, Baba Ìjọ tó ti darúgbó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ọ̀ffà láti lọ sinmi, àga rẹ̀ sì ṣófo. Wòlíì Ọláyínká, olórí ìjọ, kéde pé alága ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jíhìn iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ìjọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì mọ́ jù lọ ni yóò di Baba Ìjọ. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Jethro. Nílé, á gbé àga oúnjẹ sí àárín pálọ̀, á jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, á ní kí Matilda ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ kí òun fi í dánrawò bí Baba Ìjọ ṣe ń súre.

"Ẹ kú ìjókòó, Baba Ìjọ ọ̀la," ni Matilda máa ń dá a lóhùn láti ilé ìdáná. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tùwó kalẹ̀ ná."

Kí ó lè ta gbogbo alága yòókù yọ, Jethro dá ìsìn tuntun sílẹ̀. Nínú ìjọ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ra ọkọ̀, Wòlíì a máa fi òróró ìyàsímímọ́ sàmì sí iwájú rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, ó parí. Jethro ní ìyẹn kéré. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró níwájú bọ́ọ̀sì, ó gbé ohùn sókè:

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará àmọ́ tí ẹ ń yọjú lórí fẹ́ńsì! Nígbà tí Ẹlẹ́dàá ń fi ẹ̀mí sínú Ádámù, ṣé iwájú orí ló gbà á? Ṣé èjìká ni?"

"Rárá o!" ni Ìbùkúnolúwa dáhùn.

"Ihò imú ni! Ta ló wá mọ ibi tí ihò imú bọ́ọ̀sì wà?"

"Alága nìkan ló mọ̀ ọ́n!"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ ìdérí àpótí fíltà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó da ààbọ̀ ìgò òróró sí i, ó sì fi lọ́fíńdà lé e. Caleb, awakọ̀ ìjọ, tó ti ń wa ọkọ̀ fún ogún ọdún láì gbá adìẹ rí, sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́.

"Ẹ má bínú, Alága. Ibẹ̀ yẹn ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí o."

"Ìdí tí mo fi dà á síbẹ̀ gan-an nìyẹn!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọn kì í fi òróró kún imú bọ́ọ̀sì, àṣẹ sì jáde pé ọwọ́ mìíràn kò gbọdọ̀ kàn án yàtọ̀ sí ọwọ́ Alága. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣì ní sùúrù.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, iná kékeré kan tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn nínú dáàṣìbọ́ọ̀dù. Caleb lọ sọ fún Alága pé ọkọ̀ ń wí pé ara òun kò yá.

"Ẹ wo ènìyàn!" ni Alága kígbe. "O rí ìmọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a fòróró yàn, o ń pè é ní àìsàn?" Lójú ẹsẹ̀ ló ní kí ẹgbẹ́ akọrin dá orin ọpẹ́ fún iná náà. Wọ́n dá a, wọ́n sì tún un kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ akọrin ń lọ kọrin ní ẹ̀ka ìjọ tó wà ní Bompai. Bọ́ọ̀sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú sí àárín títì. Gbogbo akọrin bọ́ sílẹ̀ nínú sùtánà funfun, wọ́n ń tì í. Alága nìkan ló jókòó síwájú, tó ń juwọ́ sí àwọn tó ń kọjá, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, bí olórí bá bọ́ sílẹ̀, ta ni wọ́n ó máa tì? Ẹ́ńjìnnì jí lójijì, ó sì tu èéfín dúdú sí gbogbo wọn lójú. Wọ́n kúrò ní Sabon Gari ní funfun, wọ́n dé Bompai ní àwọ̀ eérú, òórùn epo sì gba orin mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, wọ́n fẹnu kò pé iná inú dáàṣìbọ́ọ̀dù ló ń dẹ́rù ba ọkọ̀. Ìbùkúnolúwa mú téèpù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná lójú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iná náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n epo kò gbọ́ ìròyìn ìfẹ̀yìntì yìí. Epo tó ń gbé bọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀ kì í rí Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ọjọ́ ìjíhìn sì ń sún mọ́lé. Alága ronú títí, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, kò rí àléébù kankan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó bọ́ síwájú ìjọ. "Epo kò ní ìyẹ́ tí yóò fi fò! Epo kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn lọ sí Fagge! Bí epo bá ti lọ, a jẹ́ pé ẹnìkan ló gbé e lọ!" Ó na ìka sí Caleb. "Olè nìyí! Ó ń fa epo ìjọ, ó ń tà á fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ adaidaita!" Ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo wa.

N kò lè fi ibí yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ó dùn mí. Virtue, ọmọ Caleb, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kí ìsìn tó parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní 'yar ɓarawo, ọmọ olè. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Caleb kò pariwo. Ó lọ bá Wòlíì Ọláyínká, ó ní: "Baba, bí mo bá jalè, kí n máa lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wò." Wòlíì dá ọjọ́ Sátidé. Bí ara ọkọ̀ bá le, Caleb yóò kúrò nínú ìjọ. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹni tó kó àìsàn ràn án ni yóò dáhùn.

Inú Jethro dùn yàtọ̀. Ó dá a lójú pé ọjọ́ tí Caleb bá tẹ́ ni òun yóò gun àga. Ó ní kí wọ́n to ìjókòó síta, kí wọ́n pe gbogbo ìjọ, kí wọ́n sì tẹ ètò ọjọ́ náà sórí ìwé dídán.

Ẹni tí Caleb pè ni Ràhmátù, rewáyà kan láti Fagge, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kano, tó ń fi ẹ̀rọ sikánà wá àìsàn ọkọ̀. Ó dé pẹ̀lú híjáàbù àti aṣọ iṣẹ́ búlúù, ó fi báàgì kékeré kọ́ apá.

"Sannunku da aiki. Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba," ló kí Alága.

"Ẹ kú iṣẹ́ ta ni?"

Ràhmátù wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. "Ẹ̀yin náà ni, Baba. Ọkọ̀ ńkọ́?"

Ìbùkúnolúwa fa ètò yọ. Nọ́ńbà kìíní ni àdúrà, nọ́ńbà kejì ni ọ̀rọ̀ Alága, nọ́ńbà kejìlá sì ni ṣíṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Alága sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ipa tí òun kó nínú ìtàn ìrìnnà, oòrùn Kano sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lórí gbogbo èèyàn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti bí i, Wòlíì ní kí wọ́n fo gbogbo nọ́ńbà tó kù lọ sí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ràhmátù ki wáyà sikánà bọ abẹ́ dáàṣìbọ́ọ̀dù, ó ní kí Alága yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ kí Caleb fi tan ọkọ̀. Èéfín dúdú bo àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ó wo ojú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀.

"Sẹ́ńsọ̀ ọ̀síjìn ló dárúkọ," ó ní. "Ohun kékeré kan ni, inú páìpù èéfín ló wà. Òun ló ń tọ́ èéfín wò láti mọ̀ bóyá epo ló pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́. Ó ń pariwo pé epo ti pọ̀ jù."

"Ẹ gbọ́!" Alága fò dìde. "Sẹ́ńsọ̀ yẹn ti bàjẹ́! Caleb ló bà á jẹ́! Yọ ọ́ dànù!"

"Yọ ọ́ dànù!" ni Ìbùkúnolúwa gbè é.

"Kai! Ẹ dúró ná, Baba." Ràhmátù kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn. Sikánà bá ti dárúkọ sẹ́ńsọ̀, wọ́n á sáré lọ ra òmíràn, ọkọ̀ ò sì ní sàn. Bí ahọ́n yín bá sọ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, ṣé ahọ́n lẹ ó gé?"

Àwọn màmá rẹ́rìn-ín. Ràhmátù tú ọ́ọ̀sì rọ́bà kan sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ inú ẹ́ńjìnnì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dí i padà, nọ́ńbà tún gòkè. "Ẹ rí i? Ara sẹ́ńsọ̀ yìí le, òótọ́ ló ń sọ. Ọpọlọ ọkọ̀ pàápàá ti gbọ́ ọ, ó ti ń gbìyànjú láti dín epo kù títí agbára rẹ̀ fi pin, kò sì ká a. Ẹni tó ń parọ́ wà lókè, níbi tí ọkọ̀ ti ń mí."

Ó bọ́ sídìí àpótí fíltà, ó sì ṣí ìdérí rẹ̀.

Òórùn lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ jáde. Ó fa fíltà yọ, òróró ń kán tótó nídìí rẹ̀ bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú páìpù afẹ́fẹ́, ó yọ sẹ́ńsọ̀ kékeré mìíràn, tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín, tí òróró àti eruku Kano ti dì mọ́ lára.

"Èyí ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Òróró ti bò ó lójú, ó wá ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé ìjì ló ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ni. Ọpọlọ ọkọ̀ sì ń da epo tó tó ti ìjì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí epo yín. Ọkọ̀ ló mu ún." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Wane ne ya zuba mai a nan? Ta ló ń da òróró síbí?"

Àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Jethro rí àga Baba Ìjọ bó ṣe ń lọ, ó sì nawọ́ láti fà á padà.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "Caleb ni. Òun ló máa ń wà nídìí ọkọ̀. Òun ló ń dà á síbẹ̀ láti fi bo olè rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ o. Àwọn kan ti ń mi orí, nítorí ẹni tó bá ti pàtẹ́wọ́ fún ìwà òmùgọ̀ kì í kọ irọ́ tó lè yọ òun náà. Ṣùgbọ́n Ìbùkúnolúwa kò lè gbà. Wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá òun fún awakọ̀! Ó fò dìde, ó gbé ìwé ńlá mọ́ àyà, omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Irọ́ ni! Alága, ẹ má jẹ́ kí ìrẹ̀lẹ̀ yín gba ògo yín lọ! Caleb kò fọwọ́ kan ìgò yẹn rí!"

"Ìbùkúnolúwa, jókòó."

"N kò ní jókòó, sà! Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìjọ!" Ó ṣí ìwé. "'Ìsìn kìíní: Alága fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ààbọ̀ ìgò sí imú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìsìn kejì: Alága da odidi ìgò, ó ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò kún imú. Awakọ̀ Caleb bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Alága lé e sẹ́yìn.'"

"Mo ní o jókòó!"

"'Ìsìn kẹta: Alága pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá da òróró síbẹ̀ yàtọ̀ sí òun ti jí ògo òun.'"

Ó kà á dé ìsìn kẹtàdínlógún, kò fo ẹyọ kan, ó sì ń ka oyè ọ̀gá rẹ̀ ní kíkún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó tẹrí ba fún Alága, ó ń retí pé kó yin òun. Àwọn màmá ti ń gbá ara wọn mú kí ẹ̀rín má baà gbé wọn ṣubú. Ràhmátù pàápàá fi híjáàbù bo ẹnu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ẹni tí ọ̀tá tú fó, mo ti rí ẹni tí àna tú fó. N kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi ìyìn tú fó rí, àfi lọ́jọ́ yẹn.

Ràhmátù fọ sẹ́ńsọ̀ náà, ó nu páìpù gbẹ, ó fi fíltà tuntun sí i, ó sì pa ẹjọ́ tí sikánà kọ rẹ́. Caleb tan ọkọ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èyí tó kù nínú rẹ̀ síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin bọ́ sídìí ọkọ̀, ó fi etí sùtánà rẹ̀ sí ẹnu páìpù èéfín, ó gbé e sókè fún gbogbo ayé rí. Funfun ló jáde. Ìjọ hó yèè.

Wòlíì dìde. "Àga Baba Ìjọ ṣì máa ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Jethro, mo gba Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Caleb, kí o sì bẹ̀ ẹ́."

Jethro gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó dá dúró, tí kò sí oyè kankan níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wú ikọ́ díẹ̀. "Ní orúkọ ìgbìmọ̀ yìí, àti ní ipò gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn..."

"Kì í ṣe ìgbìmọ̀," ni Wòlíì wí. "Ìwọ."

Àwa tó wà níbẹ̀ rí i bí ó ṣe ń wá ọ̀rọ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀ kò rí ìlà kan ṣoṣo mú. Ó wá ní: "Caleb, má bínú. Èmi ni."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá Jethro." Caleb kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ Virtue ti gbọ́ pé olè ni mí. Kò tíì gbọ́ pé n kì í ṣe olè. Ilé ló wà."

Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ín. Jethro tẹ̀ lé Caleb gba Ibo Road kọjá ní ọ̀sán gangan, nínú sùtánà, láìwọ bàtà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ìjọ náà, títì sì gbóná bí àgbadà. Lójú ọ̀nà, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò bá ọmọ náà sọ sínú: ìfáárà, kókó mẹ́ta, ìparí. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Virtue ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Jethro, ìfáárà sì sá lọ lórí rẹ̀.

"Virtue," ó ní, "bàbá rẹ kò jalè. Èmi ni mo ba ọkọ̀ jẹ́. Mo parọ́ mọ́ ọn ni."

Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Hausa ló fi dá a lóhùn. "Me ya sa?" Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Jethro la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé èṣù ni. Ó fẹ́ sọ pé àwọn ọ̀tá ni, pé ìjọ ló ń pàtẹ́wọ́, pé ẹ̀rọ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọmọ náà ń wò ó, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúró dè é. 

"Mo fẹ́ di Baba Ìjọ ni."

Virtue dúró kó sọ èyí tó kù. Kò sí èyí tó kù.

"Shi ke nan?" ló bi í. Ṣé ìyẹn nìkan náà ni?

"Shi ke nan," ni Jethro wí.

Virtue wo bàbá rẹ̀, ó sì padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀.